Láti Alnmouth Dé Lindisfarne: Bí Ẹ Ṣe Lè Fúnra Yín Rin Etíkun Northumberland Ní Ọjọ́ Mẹ́rin

Mo dúró sí etí omi ní Beal lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo ọ̀nà ọ̀dà tó yẹ kó gbé mi dé erékùṣù Lindisfarne. Ọ̀dà náà dán, ó lọ tààrà bí ìwọ̀n pápá bọ́ọ̀lù kan, ó sì wọ inú òkun. Ní ọ̀kánkán, ahéré onígi kékeré kan dúró lórí òpó gíga láàárín omi. Ibẹ̀ ni awakọ̀ tó bá ṣe agídí máa ń sá gùn nígbà tí omi bá ká a mọ́, táá sì máa wo mọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń rì. Mo ti sanwó yàrá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè, mo ti ra bàtà tuntun. Ìgbà tí omi máa kún nìkan ni n kò wò. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó lórí àpò mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ṣètò ìrìn yìí láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú.

Northumberland ló kángun sí Scotland ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Northumberland Coast Path gùn tó máìlì 62, láti Cresswell títí dé Berwick-upon-Tweed. Ẹ má wulẹ̀ rin gbogbo rẹ̀. Láti Alnmouth dé Bamburgh, bíi máìlì 22, ni ibi tó dùn jù wà. Ẹ pín in sí ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ fi ọjọ́ kẹrin lọ sí Lindisfarne. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹni tó bá lè rin máìlì mẹ́wàá lóòjọ́, tó ń sinmi lójú ọ̀nà, ti tó o rìn. Kò sí pé ẹ ń wá amọ̀nà: tí òkun bá ti wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, ẹ ò tíì ṣìnà.

Ẹ mú ọjọ́ láti ara omi

Ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀, Northumberland County Council, ń gbé àkókò tí ọ̀nà Lindisfarne máa ṣí síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi ń bo ọ̀nà náà, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Àkókò yìí kì í dúró sójú kan: bí ilẹ̀ ọjọ́ kan bá ṣe ń mọ́, ó ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i. Nítorí náà, ọ̀nà tó ṣí láti àárọ̀ dé ọ̀sán lọ́sẹ̀ yìí lè wà lábẹ́ omi ní wákàtí kan náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ wá ọjọ́ tí ọ̀nà bá ṣí láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó kéré tán. Ìyẹn ni ọjọ́ kẹrin yín. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ti rí ọjọ́ tí ẹ máa kúrò nílé. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó wá yàrá, kí ẹ sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè. Yàrá ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Abúlé kéékèèké ni àwọn ibi wọ̀nyí, Craster tí ẹ máa sùn sí lọ́jọ́ kìíní pàápàá kò ní ilé àlejò púpọ̀, àwọn tó ti mọ ibẹ̀ sì ti ń gba yàrá ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ìgbà òtútù. Tí Craster bá kún, ẹ gba yàrá sí Alnwick tàbí Seahouses, kí ẹ máa fi bọ́ọ̀sì lọ, kí ẹ máa fi bọ̀. Bọ́ọ̀sì X18 ló ń so àwọn abúlé etíkun pọ̀ mọ́ Alnwick. Kì í wá léraléra o. Ẹ ya fọ́tò àkókò rẹ̀ sí fóònù yín kí ẹ tó jáde, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi bẹ́ẹ̀ wà lẹ́bàá òkun.

Ní ti oṣù, oṣù karùn-ún títí dé ìdajì oṣù keje ni mo fẹ́ràn. Àwọn ẹyẹ òkun ń pamọ nígbà yẹn, ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú. Ní oṣù kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ lè fẹ́ẹ̀ lù kí ojú ọ̀run tó dúdú. Oṣù kẹsàn-án dára fún ẹni tí kò fẹ́ èrò. Ní oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ fi ti ìgbà yẹn sílẹ̀.

Ohun tí ẹ máa gbé àti ohun tí ẹ máa fi sílẹ̀

Láti gúúsù sí àríwá ni kí ẹ rìn. Atẹ́gùn ibẹ̀ sábà máa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn yín ni kó máa tì. Oòrùn náà á wà lẹ́yìn yín, kò ní máa ta sí yín lójú.

Ẹ má ra bàtà tuntun fún ìrìn yìí bí mo ṣe ṣe. Kí n tó dé Boulmer lọ́jọ́ kìíní, gìgísẹ̀ mi ti lé ìléròrò méjì, ọ̀kan sì ti bẹ́. Bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ yín ni kí ẹ wọ̀, kódà kó gbó díẹ̀. Iyanrìn ni ọ̀tá yín: ó ń wọ inú bàtà, ó ń ha ara. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá jókòó jẹun, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gbọn ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ wọ òmíràn tó gbẹ. Tí ibì kan bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kó tó di ọgbẹ́.

Ẹ gbé kóòtù òjò tó ń dí atẹ́gùn, fìlà, omi tó tó lítà kan àbọ̀, àti máàpù bébà. OS Explorer 332 ni ti ìlàjì ọ̀nà àkọ́kọ́, 340 ni ti ìyókù. Mo mọ̀ pé fóònù ní máàpù, ṣùgbọ́n kùrukùru kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní sea fret, tó máa ń ti ojú òkun wá lójijì, pàápàá nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbóná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ò ní rí ilé olódi tí ẹ ń wò tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má sáré nígbà yẹn. Ẹ dúró sójú ọ̀nà, ẹ kúrò létí bèbè, ẹ máa gbọ́ ìró omi lápá ọ̀tún.

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn gbé ẹrù láti yàrá dé yàrá. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, ẹ sanwó fún wọn. Fún èmi o, aṣọ ìpààrọ̀ kan ti tó.

Ọjọ́ kìíní: Alnmouth sí Craster, bíi máìlì 8

Láti Newcastle, rélùwéè Alnmouth kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ. Ibùdókọ̀ náà tó máìlì kan sí abúlé. Nígbà tí ẹ bá dé ẹnu odò Aln, ẹ wo òkè kékeré tó wà ní òdìkejì, tó ní àgbélébùú lórí. Ara Alnmouth ni òkè yẹn tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1806, ìjì kan jà tó bẹ́ẹ̀ tí odò fi ya ọ̀nà tuntun, ó gba àárín abúlé àti ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Èbúté tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kó ọkà tẹ́lẹ̀ kò padà sípò mọ́ láti ìgbà náà. Omi ló ń pàṣẹ níbí, kì í ṣe ní Lindisfarne nìkan.

Ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ pápá gọ́ọ̀fù gòkè, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí Boulmer, abúlé apẹja tí àwọn onífàyàwọ́ fi ṣe ibùjókòó nígbà kan rí. Ẹ jẹun níbẹ̀. Láti Boulmer dé Craster, ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà gan-an.

Ẹ̀yìn Boulmer ni ìrìn ọjọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ní Howick, lẹ́bàá bèbè, àwọn awalẹ̀pìtàn rí ojú ilé kan tí èèyàn ti gbé ní nǹkan bí ọdún 7800 ṣáájú ìbí Krístì. Bèbè tó ń ya ló tú àṣírí rẹ̀: òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ṣe abẹ ló ń jábọ́ láti ara ilẹ̀. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ẹ máa rí ilé òkúta kan tó dá dúró lórí àpáta, tí wọ́n ń pè ní Bathing House. Ti ìdílé Earl Grey ni, wọ́n máa ń ti ibẹ̀ lọ wẹ̀ nínú òkun. Orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ tíì, àmọ́ òun ni mínísítà àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1830 sí 1834, lábẹ́ ìjọba rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe òfin tó fòpin sí oko ẹrú ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1833. Mo jókòó sórí àpáta níbẹ̀, mo jẹ búrẹ́dì mi, mo sì ronú sí ìyẹn díẹ̀.

Cullernose Point ló tẹ̀ lé e. Ẹ máa kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ. Bèbè dúdú tó ga ni, ẹyẹ funfun sì kún ara rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹ fi òkúta dúdú yẹn sọ́kàn. Whin Sill lorúkọ rẹ̀: òkúta yíyọ́ tó rú wọ àárín àwọn òkúta abẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bí 295 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tó sì le bí irin. Òun ló gbé ilé olódi Dunstanburgh, òun ló gbé ti Bamburgh, òun náà ló gbé ti Lindisfarne. Ibi tí kò bá ti sí i, òkun á ti jẹ ilẹ̀ wọlé.

Ní Craster, èéfín ló máa pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹja ṣáwá ni wọ́n ń là lẹ́yìn, tí wọ́n ń fi iyọ̀ rẹ, tí wọ́n sì ń so rọ̀ sókè nínú ilé onígi tí ara rẹ̀ ti dúdú látinú èéfín igi oak tó ti ń rú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kipper lorúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná pẹ̀lú búrẹ́dì àti bọ́tà. Ẹ fura sí egungun rẹ̀ o, ó wẹ́ bí irun.

Ọjọ́ kejì: Craster sí Seahouses, máìlì 10 sí 11

Ọjọ́ tó gùn jù nìyí, ẹ tètè jí. Kò sí ọ̀nà mọ́tò tó dé Dunstanburgh. Láti Craster, ẹ máa rin máìlì kan àti díẹ̀ lórí koríko tí àgùntàn ti jẹ pẹlẹbẹ, ilé olódi tó ti wó á sì máa tóbi sí i níwájú yín. Thomas, Earl ti Lancaster, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1313, nígbà tí òun àti ọba Edward Kejì tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ wà ní ìjà. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1322. Ẹni tó bá ronú pé ilé náà tóbi ju ohun tí ìṣọ́ etíkun ń béèrè lọ, ó rí i bó ṣe rí: ojú ọba ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹ wo àkókò tí wọ́n ń ṣí i kí ẹ tó lọ, ní ìgbà òtútù pàápàá. Tí wọ́n bá ti tì í, ẹ ò pàdánù púpọ̀, nítorí láti òkèèrè ló ti lẹ́wà jù. Ẹ kọjá rẹ̀ lọ sí Embleton Bay, kí ẹ bojú wẹ̀yìn.

Ní Embleton, tí omi bá ti fà, ẹ bọ́ sórí iyanrìn tó le, ẹsẹ̀ á yá. Tí omi bá kún, ẹ gba orí òkìtì iyanrìn. Low Newton ló tẹ̀ lé e, àwọn ilé apẹja tí wọ́n kùn ní ẹfun, tí wọ́n yí pápá koríko ká ní ọ̀nà mẹ́ta, tí ọ̀nà kẹrin sì kọjú sí òkun. Ilé ọtí kan wà ní igun rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Lẹ́yìn ibẹ̀, ní Beadnell Bay, ẹ máa dé odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Long Nanny. Àwọn ẹyẹ tern máa ń yé ẹyin sórí iyanrìn níbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lórí ilẹ̀ gbalaja, láìsí ìtẹ́. Arctic tern inú wọn ń fò láti ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ayé, ní Antarctica, ó sì ń padà wá lọ́dọọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, máa ń pàgọ́ síbẹ̀ láti ṣọ́ wọn lọ́sàn-án lóru. Ẹ tẹ̀ lé okùn tí wọ́n ta, ẹ so ajá mọ́ ọwọ́, ẹ gba orí afárá. Ẹyin yẹn jọ òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín lè tẹ̀ ẹ́ kí ojú yín tó rí i.

Èbúté Beadnell ní ilé ìsun òkúta ẹfun láti ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn apẹja sì ti ń kó àwọ̀n sínú rẹ̀. Tí ẹ bá ti rẹ̀, bọ́ọ̀sì wà. Máìlì méjì tó kù dé Seahouses kò ní ohun kan tí ẹ máa sunkún pé ẹ ò rí.

Ọjọ́ kẹta: Erékùṣù Farne ní àárọ̀, Bamburgh ní ìrọ̀lẹ́

Máìlì mẹ́ta péré ni ìrìn ọjọ́ yìí. Ẹ lo àárọ̀ fún ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Seahouses lọ sí àwọn erékùṣù Farne. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ sórí erékùṣù. Àìsàn ẹyẹ tó jà ní 2022 mú kí wọ́n ti ibẹ̀ pa fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá gbà yín láyè ní àkókò ìpamọ, ẹ dé fìlà. Kì í ṣe nítorí oòrùn. Àwọn tern ibẹ̀ máa ń fò wálẹ̀ láti fi ẹnu sọ èèyàn lórí, ẹ̀jẹ̀ sì lè jáde. Puffin, ẹyẹ ẹlẹ́nu aláràbarà yẹn, ti máa ń lọ kí oṣù kẹjọ tó wọlé. Seal, ẹran inú òkun onírun tó máa ń sùn lórí àpáta, ń bẹ nígbà gbogbo.

Ẹ ní kí awakọ̀ fi Longstone hàn yín, ilé gogoro oníná tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà, aláwọ̀ pupa òun funfun, tó wà lórí àpáta tó jìnnà jù. Ibẹ̀ ni Grace Darling ń gbé, ọmọ olùtọ́jú iná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, ó rí ọkọ̀ Forfarshire tó ti fọ́ sí méjì lórí àpáta. Òun àti bàbá rẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré sínú ìjì náà. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà là lórí àpáta ọ̀hún. Ọmọ ọdún 22 ni. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa á. Ọkọ̀ tí wọ́n wà lọ́jọ́ yẹn wà nínú mùsíọ́mù rẹ̀ ní Bamburgh, ẹ lọ dúró tì í kí ẹ wo bó ṣe kéré tó. Ìrántí rẹ̀ wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì St Aidan ní òdìkejì títì, wọ́n gbé e sí ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lójú òkun á ti rí i.

Láti Seahouses sí Bamburgh, orí iyanrìn ni kí ẹ gbà tí omi bá fà. Ẹ bọ́ bàtà. Ilé olódi Bamburgh á ti máa wò yín láti òkè àpáta rẹ̀ ní gbogbo ìrìn náà. Ibùjókòó àwọn ọba Northumbria, ìjọba àtijọ́ agbègbè yìí, ni. Bede, mọ́ńkì òpìtàn, kọ ọ́ pé Penda, ọba Mercia, ìjọba ọ̀tá wọn ní gúúsù, kó igi àti koríko jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí, ó sì tiná bọ̀ ọ́. Bíṣọ́ọ̀bù Aidan wà ní Farne, ó rí èéfín, ó gbàdúrà, atẹ́gùn sì yí iná padà sọ́dọ̀ àwọn tó dá a. Ẹni tó bá ti rin etíkun yìí fún ọjọ́ mẹ́ta kò ní jiyàn pé atẹ́gùn ibẹ̀ lè yí padà bẹ́ẹ̀. Ilé tí ẹ ń rí lónìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe olówó kan, Armstrong, oníṣòwò ìbọn ńlá, tó ra ibẹ̀ ní 1894. Owó ìwọlé kò kéré. Tí ẹ bá fẹ́ yan ọ̀kan, mùsíọ́mù Grace ni kí ẹ yàn.

Ọjọ́ kẹrin: Lindisfarne

Láti Bamburgh, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yà kúrò létí òkun, ó gba oko lọ sí Belford, ó sì kọjá títì A1. Kò tó nǹkan tí ẹ ń pa ọjọ́ kan lé lórí. Ẹ gba takisí láti àná, kí ẹ sọ àkókò omi fún awakọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ la iyanrìn kọjá, máìlì mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, bí àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ àtijọ́. Ẹ má ṣe é ní ìgbà àkọ́kọ́ láìsí ẹni tó mọ ibẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá máa ṣe é gbọ́dọ̀ gbéra nígbà tí omi ṣì ń fà, kó sì ti gúnlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àkókò tí ìjọba gbé jáde, mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀. Tí wàhálà bá dé, 999 ni nọ́ńbà, Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là létí òkun, ni kí ẹ béèrè.

Aidan wá láti Iona, erékùṣù kan ní ìwọ̀-oòrùn Scotland, ní 635, nígbà tí Oswald, ọba Northumbria, ránṣẹ́ pè é, ó sì dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ níbí. Ilé wọn wà ní ìtòsí ojú ọba ní Bamburgh, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi ń ti ilẹ̀kùn fún wọn. Nǹkan bí ọ̀rúndún kan lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ kọ ìwé Ìhìnrere Lindisfarne, tí wọ́n fi àwòrán ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tó wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Ní 793, àwọn Viking, jagunjagun ojú òkun láti Scandinavia, gba ojú òkun kan náà wọlé, wọ́n pa, wọ́n kó. Òkun tó ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn ló ṣílẹ̀kùn níwájú.

Ní àwókù ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀rúndún kejìlá, ẹ gbójú sókè wo ọ̀já òkúta kan ṣoṣo tó ta kọjá lófuurufú, tí ilé ìṣọ́ tó yẹ kó gbé kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ wá gba etí èbúté lọ síhà ilé olódi. Àwọn ọkọ̀ ìpẹja ṣáwá àtijọ́ wà níbẹ̀, wọ́n gé wọn sí méjì, wọ́n dojú wọn bolẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn wọ́n, wọ́n sì ṣe ilẹ̀kùn sí wọn. Àwọn apẹja ń kó ẹrù sínú wọn.

Kí ẹ tó lọ, ẹ gun Heugh, òkè òkúta dúdú gígùn tó wà lẹ́yìn àwókù ṣọ́ọ̀ṣì. Tí kùrukùru kò bá sí, ẹ máa rí Bamburgh ní gúúsù, àti àwọn Farne lójú omi. Ẹ jókòó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi àkókò ìkọjá sí iwájú fóònù yín, ẹ sì yọ wákàtí kan kúrò nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Berwick, níbi tí ẹ ti máa wọ rélùwéè padà, ń yí àkókò rẹ̀ padà pẹ̀lú omi. Tó bá ti lọ, ó di ẹ̀yìn omi.